Lẹ́tà Òjé Bàbá Oyèníyì

Nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní àdúgbò Jamaica, Queens, lókè òkun, ni wọ́n ti bá òkú Bàbá Oyèníyì nílẹ̀. Ọta ìbọn kan ti gba àyà rẹ̀ kọjá, ó sì lọ há sára férémù ilẹ̀kùn. Àpèkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọlọ́pàá ti mú ẹnìkan tì mọ́lé, ìyẹn gan-an ló sì ń bí Hassanat Olúsànmí nínú.

Hassanat ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Obìnrin tí kì í gba "ó ti parí" lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni. Ẹni tí wọ́n mú ni Dariel, ará Kúbà tó ń gbé ilé kejì. Òun àti bàbá a máa fa ọ̀rọ̀ nítorí èéfín, torí pé Dariel máa ń yọ́ òjé nínú ìkòkò ní ẹ̀yìnkùlé. Ọta tó pa bàbá kì í ṣe èyí tí wọ́n rà lọ́jà. Òjé tí ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ dà ni.

"Òjé ni òjé," ni Francis, ọ̀gá rẹ̀, wí. "Lọ́la ni Dariel máa dé iwájú adájọ́. Kí lo tún ń wá?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, sà," ni Hassanat sọ ní Yorùbá. Francis kò gbọ́ ọ, ó sì ti gbé fóònù sétí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó sì ti sú Hassanat.

Ní ìta àgọ́ ọlọ́pàá, Yudith, ìyàwó Dariel, jókòó sórí bẹ́ńṣì, oyún inú rẹ̀ ti tóbi. Ó di apá Hassanat mú. "Tó bá wẹ̀wọ̀n, wọ́n á dá a padà sí Kúbà, señora. Ta ni màá bí ọmọ yìí fún?"

Hassanat rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá. Ó wọlé lọ bá Dariel.

"Kí lo ń fi òjé ṣe?"

"Ẹja ni mo ń pa," ni Dariel wí. "Mo máa ń ṣa òjé orí òrùlé níbi tí wọ́n bá ti ń wó ilé àtijọ́. Òun ni mo ń so mọ́ okùn ìwọ̀ kó lè rì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń jù ú sí."

"Ṣé o máa ń po nǹkan mọ́ ọn kó lè le?"

Dariel wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè wèrè. "Kó le kẹ̀? Eyín ni mo fi ń há a mọ́ okùn."

Hassanat mú ọ̀kan lára òjé ìwọ̀ tí wọ́n kó nílé Dariel, ó fi èékánná ha á. Ojú ìlà hàn ketekete. Ó wá rántí ọta tí wọ́n yọ lára férémù ilẹ̀kùn. Igi líle ni ọta náà wọ̀, síbẹ̀ imú rẹ̀ kò tẹ̀. Ó pe Lará, obìnrin tó ń yẹ ọta wò ní ilé àyẹ̀wò wọn.

"Mo ti fẹ́ pè ọ́," ni Lará wí. "Òjé òrùlé pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n po nǹkan tó le mọ́ ọn. Òjé tó bá rọ̀ jù máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Ẹni tó da èyí mọ ohun tó ń ṣe."

"Níbo lèèyàn ti ń rí nǹkan líle bẹ́ẹ̀?"

"Láyé àtijọ́, lára òjé kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ táyà mọ́tò ni, ṣùgbọ́n ìjọba ti fòfin dè é níbí. Ó lè jẹ́ lẹ́tà ìtẹ̀wé tí wọ́n fi òjé líle ṣe, èyí tí àwọn atẹ̀wé àtijọ́ ń tò."

Hassanat sọ fóònù kalẹ̀, ó sì bú ara rẹ̀ lábẹ́ ẹnu. Atẹ̀wé ni Bàbá Oyèníyì. Odindi òwúrọ̀ ló fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá láì fa dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tó padà débẹ̀, dúrọ́ọ̀ lẹ́tà tó kọ́kọ́ fà, òfìfo ni. Ó fa òmíràn, òfìfo. Nínú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nìkan ló ti bá ẹrù kékeré kan tí wọ́n fi bébà wé, tí wọ́n fi okùn dì. Ó wúwo ju bó ṣe rí lọ. Ó tú u: lẹ́tà tí bàbá ti tò sílẹ̀ fún títẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ kọjú sódì. Ó gba dígí ọwọ́ Àpèkẹ́, ó fi kà á: "Ní ìrántí Ṣìmí Àjàyí, ìyá rere. Ọlọ́run, má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́."

"Ta ni Ṣìmí?"

"Màmá bọ̀dá Kúnmi tó ń rent òkè ni, mà," ni Àpèkẹ́ wí. Yorùbá rẹ̀ tẹ́jú, bíi ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí. "She died last year, ní Abẹ́òkúta. Bọ̀dá Kúnmi ò lè lọ sin wọ́n because of papers. Dádì fẹ́ fi ìwé ìrántí yẹn surprise wọn."

Hassanat tún ẹrù náà wé bó ṣe wà. Ó ní kí ọlọ́pàá méjì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì ránṣẹ́ pe Kúnmi.

Kúnmi, ẹni tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfúrufú ní pápákọ̀ JFK, wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Hassanat. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé o máa ń wá síbí?"

"Rárá, mà. N kò wọ ibí yìí rí. Ẹni a bá lábà ni baba, mà. Bàbá mi ni bàbá yìí nílùú yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ Kúbà yẹn dáadáa."

Hassanat mi orí. Ó gbé ìkòkò òjé Dariel, èyí tó ní kí wọ́n gbé wá, ka sítóòfù tó wà ní kọ̀rọ̀, ó sì tan iná. "Ilé àyẹ̀wò wa nílò òjé díẹ̀ tí wọ́n máa fi wé ọta. Ìdì yìí nìkan ló ṣẹ́ kù. Màá yọ́ ọ."

Ó gbé e lọ sókè ìkòkò.

"Ẹ má yọ́ ìyẹn, mà," ni Kúnmi wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ ọ."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Kúnmi fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Hassanat pa iná. "O ò wọ ibí rí, síbẹ̀ o mọ ohun tó wà nínú bébà. Ẹ̀yìnkùlé Dariel lo ti ń ṣa òjé òrùlé. Ó rọ̀ jù, o wá ń yọ́ lẹ́tà bàbá mọ́ ọn kó lè le. Ká ní Dariel ni olè yìí ni, ìdì yìí ni ì bá kọ́kọ́ yọ́, torí òun ló wúwo jù, kò sì mọ Yorùbá kà. Àpèkẹ́ tí wọ́n bí síbí pàápàá kò lè kà á. Ẹni tó kà á, tó dá a sí, tó sì tún un wé, ọmọ Ṣìmí ni."

Kúnmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n dá mi lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo ń ti shift bọ̀, mà. Mo lọ ra ìbọn ní stéètì míì. Mi ò ní license, kò sẹ́ni tó máa ta ọta fún mi, ni mo ṣe ń dà á fúnra mi. Bàbá fẹ́ to ìlà tó kù nínú ìwé ìrántí yẹn, wọ́n fa dúrọ́ọ̀, wọn ò bá lẹ́tà kan. Wọ́n pè mí, wọ́n rí ìbọn níbàdí mi. Wọ́n láwọn máa pe ọlọ́pàá. Papers mi ti fẹ́ jáde, mà. Ẹ̀rù ló bà mí."

Inú Hassanat bàjẹ́, kò sì fi pa mọ́. Ó pe Francis kí wọ́n tú Dariel sílẹ̀, Francis sì bi í bóyá ó dá a lójú. Hassanat pa fóònù mọ́ ọn létí.

Bí wọ́n ṣe ń mú Kúnmi jáde, ó yíjú padà. "Mà, ẹ bá mi tẹ ìwé yẹn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ẹyọ kan péré."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀," ni Hassanat wí, "òun lo pa."