Katakata Bàbá Àgbà Ń Mí Kanlẹ̀

Luyando jí láàárọ̀ kùtù. Ìkùukùu ti bo gbogbo àgbàlá wọn ní ìlú Monze. Kò rí igi máńgòrò. Kò rí àká àgbàdo.

Àmọ́ ó gbọ́ nǹkan kan.

Fúùùùù.

Abẹ́ páànù ló ti wá, níbi tí katakata Bàbá Àgbà wà.

Bàbá Àgbà ti kú lọ́dún tó kọjá. Fìlà rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó níbẹ̀. Fìlà náà ń mì díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́.

Luyando yọjú. Bàbá rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, epo dúdú lọ́wọ́, epo dúdú nímú. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi tú ẹ́ńjìnì katakata náà palẹ̀, tó sì tún un tò. Ó ti tò ó tán wàyí.

Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kùrù-kùrù-kùrù… kẹ́.

Ó tún un yí.

Kùrù-kùrù-kùrù… kẹ́.

"Bátìrì dáa," ni Bàbá wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi páǹpù ọwọ́ fa epo láti inú táǹkì wá sínú ẹ́ńjìnì. Fì-kọ́, fì-kọ́, fì-kọ́. Epo sun díẹ̀, ó dá. "Àbí epo ti tán ni?"

Ó ṣí ìdérí táǹkì.

Fúùùùù.

Luyando di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. "Bàbá, ta ló mí?"

"Kò sẹ́ni kankan." Àmọ́ Bàbá náà wẹ̀yìn wò. Epo kún táǹkì bámúbámú. Ó dé e padà pinpin.

Màmá Àgbà yọ látinú ìkùukùu.

"Ọkọ mi nìyẹn," ló wí. "Bó ṣe máa ń mí kanlẹ̀ nìyẹn tínú bá ń bí i. Kò fẹ́ kó o tú katakata òun palẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ."

"Ọmọ wo? Ìwọ gan-an lo ń wẹ̀yìn wò, Chimuka."

Ààrá sán lọ́nà jíjìn. Gbììì.

"Òjò ti dé tán, a ò sì tíì túlẹ̀ oko," ni Bàbá wí. "Tí katakata yìí ò bá dáhùn títí ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni màá pè."

Luyando wo ìjókòó katakata náà. Níbo ni Bàbá Àgbà á wá jókòó sí?

Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Màmá Àgbà bu chibwantu, omi àgbàdo dídùn, sínú ìgò oníke. "Gbà, orogún mi. Mu ún."

Luyando fi ètè dé ẹnu ìgò pinpin. Ó fà. Ó fà. Chibwantu sun díẹ̀, ó dá. Ikùn ìgò wọnú. Ó yọ ẹnu.

Fúùùùù.

Luyando ò mira. Ó tún un fà. Ó tún yọ ẹnu.

Fúùùùù.

"Bàbá! Ìgò mi náà ń mí!" Ló bá sáré. "Inú ò bí katakata! Kò ráyè mí ni!"

Bàbá gbé e sókè. Wọ́n jọ wo ìdérí táǹkì.

"Ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níbí dà?" Bàbá fi èékánná ha á. "Amọ̀ òkìtì ọ̀gán! Ta ló fi amọ̀ dí i?"

Màmá Àgbà wolẹ̀.

"Èmi ni. Ọjọ́ tí mò ń dí ojú àká àgbàdo ni mo rí i. Nínú ilé yìí, ta ló ń fi ihò sílẹ̀ lára ohun tá a kó oúnjẹ sí?"

"Màmá! Epo ló wà níbẹ̀!"

"Ṣé epo kọ́ ni oúnjẹ katakata?"

Luyando fi ẹ̀gún tú amọ̀ náà, díẹ̀díẹ̀. Fúù. Ìró náà dákẹ́.

Bàbá fa epo. Fì-kọ́, fì-kọ́. Epo ń ya wá!

Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kùrù-kùrù-kùrù… gbù… gbù-gbù… GBÙRÙRÙRÙRÙ!

Adìyẹ fò. Èéfín rú. Màmá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Má bínú, olówó orí mi! Èmi ni mo dí ẹ nímú!"

Bàbá gbé Luyando sórí ìjókòó Bàbá Àgbà. Ìkùukùu ò tíì ká. Oòrùn ò tíì yọ.

Ìjókòó náà gbóná.

"Bàbá, ṣé ẹ ti jókòó síbí lónìí?"

"Rárá o. Ìdúró ni mo wà látàárọ̀."

Luyando wo fìlà lára ìṣó. Ó ti dúró jẹ́ẹ́.

Ló bá rẹ́rìn-ín. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kí ìjókòó náà lè gba èèyàn méjì.