Àṣẹ Kóòtù Tó Ti Ṣọ́ọ̀bù Fikáyọ̀ Pa

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, lọ́dún 2006. Inúmidùn àti ọkọ rẹ̀, Fikáyọ̀, ń kó ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi sínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Kuje tó wà nítòsí Festac. Fikáyọ̀ ló fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ náà, kí omi bóhòlù Festac tó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lè mọ́. Ẹ́sítéètì kan ní Alákijà ló fẹ́ ra gbogbo rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ kóòtù kan yọ sí wọn, ó na ìwé kan sí wọn. Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá ti pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó ní òun lòun ni pátẹ́ǹtì ẹ̀rọ náà, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan. Adájọ́ sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n má tà á mọ́.

Ara fu Inúmidùn. Akínfẹ́nwá yìí, ọlọ́jà ńlá ní Apple Junction, ti ra ẹyọ kan lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó kọjá, ó sì ní kí wọ́n tú u kóun wo inú rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ àárọ̀ tí ọjà fẹ́ lọ gan-an ni kóòtù dé?

"Èmi ni mo ṣe é! Màá gbé e lọ!" Fikáyọ̀ fara ya.

"Dádì Àdúrà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá tẹ àṣẹ kóòtù lójú, ẹ̀wọ̀n ló ń wá," Inúmidùn fi orúkọ ọmọ wọn bẹ ọkọ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ lọ́yà kan, Bernice, ni wọ́n gbà lọ.

"Àǹtí, ṣé Akínfẹ́nwá ti borí ni?" Inúmidùn béèrè.

"Rárá o. Òun nìkan ló lọ bá adájọ́, wọn ò tíì gbọ́ tẹnu yín. Fún ìgbà díẹ̀ ni àṣẹ náà. Pátẹ́ǹtì ọ̀hún gan-an, wọn kì í yẹ ẹ̀rọ wò fínnífínní kí wọ́n tó fún èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ti ń tà á kó tó lọ forúkọ sílẹ̀, pátẹ́ǹtì rẹ̀ lè wó."

"Kí ló wá ń wá?"

"Ó lè má nílò kó borí. Kẹ́ ẹ ṣáà ti dúró, kóun máa ta tòun."

Inúmidùn wá Rosaline lọ, obìnrin tó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ náà. Ìyẹn búra ní kóòtù pé ó ti pẹ́ tóun ti ń lò ó, kí Akínfẹ́nwá tó gba pátẹ́ǹtì. Adájọ́ gbé àṣẹ náà kúrò. Àmọ́ wọ́n ti sún ìgbẹ́jọ́ síwájú léraléra kó tó dọjọ́ yẹn. Ẹ́sítéètì ò lè dúró, ẹ̀rọ Akínfẹ́nwá ni wọ́n rà. Àwọn òṣìṣẹ́ Fikáyọ̀ sì ti wáṣẹ́ lọ síbòmíràn, ṣọ́ọ̀bù náà sì wà ní títì pa.

Níwájú kóòtù, ẹ̀rín ló gba ẹnu Akínfẹ́nwá.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàdánù, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Inúmidùn bi í.

"Ìyàwó, ta ló pàdánù?" Ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Bernice ṣì ń bá a fà á lórí owó gbà-máà-bínú, nítorí Akínfẹ́nwá ti ṣèlérí fún kóòtù nígbà tó ń gba àṣẹ náà pé òun á san án bí àṣẹ náà ò bá tọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ọpọlọ ṣe nǹkan, ẹ gba pátẹ́ǹtì kẹ́ ẹ tó pàtẹ rẹ̀. Ẹ má tú inú rẹ̀ han àlejò. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ohun tẹ́ ẹ bá tà. Bí àṣẹ kóòtù bá dé, ẹ má rú u, ẹ má sì fi falẹ̀. Ẹ wá lọ́yà lọ́jọ́ náà gan-an, kí adájọ́ lè gbọ́ tẹnu yín. Ẹni tó jàre lẹ́yìn tí ọjà ti tú, ta ni yóò tà á fún?