Fóònù Ẹni Tó Dé Kẹ́yìn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Òun gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí, kò sì bo ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ta ló ń fọwọ́ kan fóònù mi?" Akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ kan ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú, bí ọmọ náà ṣe ń gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni òun àti ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ya àwọn fóònù tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà, wọ́n fún wọn ní agbo ìsopọ̀ tiwọn, kí ohùn má baà máa já. Nínú agbo yìí, fóònù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀rọ láàárọ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ka iye àyè nọ́ńbà tí wọn yóò ṣí. Ó ka ọgbọ̀n fóònù, wọ́n ṣí ọgbọ̀n àyè.

"Bí iṣẹ́ yìí bá dúró dáadáa," ni ọ̀gá wí, "ìwọ nìkan ni màá rán lọ síbi tó kàn."

Iṣẹ́ ò dúró dáadáa. Lójoojúmọ́ ni fóònù ẹnìkan ń kú, kì í sì í ṣe ti ẹni àná. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ní ẹnìkan ń tẹ́tí sí ìpè àwọn ni.

"Ṣé ẹ ti kíyè sí ẹni tí tirẹ̀ kì í kú?" ni akọ̀wé àgbà bi wọ́n. Ó fẹnu tọ́ka sí agbafóònù tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àárọ̀, nítorí pé láti ọdún mẹ́sàn-án, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. "Òun nìkan ló máa ń wà níbí kí á tó dé."

"Ẹ̀yin náà ẹ máa tètè jí, kí ẹ wá máa ṣọ́ mi," ni Ìyá Àárọ̀ fèsì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó wo bí nọ́ńbà ṣe pín. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn àwọn fóònù jáde síta ti gba nọ́ńbà kan, òun kò sì kà á mọ́ ọn. Ó ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fún ọgbọ̀n fóònù. Wọ́n sì máa ń pa gbogbo fóònù bí wọ́n bá ń relé, nítorí náà, ẹni tó bá dé kẹ́yìn láàárọ̀ ni kì í bá àyè. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkankan.

Láti fẹ àyè náà, yóò bèèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá yóò sì bèèrè ìdí.

"Kí lo rí?" ni akọ̀wé àgbà bi í.

"Mo ṣì ń wò ó, sà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó padà lọ síbẹ̀, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tú àpò Ìyá Àárọ̀ sórí tábìlì lójú àwọn àlejò: awò ojú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, sálúbàtà àlòkù. Wọ́n ti tẹ ìwé ìdádúró rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èmi ni!" ni ọmọ náà kígbe. "Àyè ni kò tó! Èmi ni mo kà á ṣì!"

Ọ̀gá rẹ̀ dé, ó tún un ṣe kíá. Gbogbo fóònù ń dún.

"Àṣìkà kọ́ ló dùn mí," ló wí. "Láti Ọjọ́rú lo ti mọ̀! Gbígbé okùn wáyà ni wàá máa ṣe títí ọdún yóò fi parí."

Akọ̀wé àgbà fa ìwé náà ya. "Ìyá Àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Obìnrin náà ń kó ẹrù rẹ̀ padà sápò níkọ̀ọ̀kan. "Ojú àlejò lẹ ti tú u," ló wí. "Àwọn àlejò yẹn ti lọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, àmọ́ kí òtítọ́ tó dé, irọ́ lè ti tẹ aláìṣẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ náà sáré tẹ̀ lé Ìyá Àárọ̀ dé ẹnu géètì. "Mà! Ẹ jọ̀ọ́, mà!"

Ìyá Àárọ̀ gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sọdá títì, kò bojú wẹ̀yìn.