Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Lábẹ́ Irọ́

Ọkùnrin kan wà tó ń tún fóònù ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn, Dókítà Fóònù sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tó ń ṣe lẹ́yìn aṣọ ìkélé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ó ń kọ ímeèlì sí àwọn tí kò mọ̀ rí pé wọ́n ti jẹ ẹ̀bùn ńlá. Kí ẹ̀bùn náà tó lè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, àfi kí wọ́n fi nọ́ńbà káàdì báǹkì wọn ránṣẹ́. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́, owó rẹ̀ di àwátì.

Nísàlẹ̀ ímeèlì, orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló máa ń kọ. Ó ní orúkọ náà jọ ti ẹni tí kì í purọ́. Òótọ́ ló sì sọ, obìnrin náà kò purọ́ rí.

Káfíńtà onígbàgbọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra ti fura. "Ọ̀rẹ́ mi, Jésù ń rí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé yẹn o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí káfíńtà bíi tìẹ ni. Ní kó wá bá mi tún ilẹ̀kùn mi ṣe."

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ọjọ́ náà pé. Màmá àgbàlagbà kan, aránṣọ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, mú fóònù wọlé. "Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ní mo jẹ ẹ̀bùn, mo sì fi nọ́ńbà káàdì mi ránṣẹ́. Báǹkì wá ní owó tí mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ abẹ ojú mi kò sí mọ́."

Dókítà Fóònù gba fóònù náà. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

"Olè kan ló gba àárín wa kọjá," màmá náà ń sọ lọ. "Obìnrin tó kọ̀wé sí mi yìí, ènìyàn rere ni. Àràárọ̀ ni mò ń bẹ Ọlọ́run kó fún un ní ẹ̀mí gígùn." Ó sì pe orúkọ náà.

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ náà létí Dókítà Fóònù. Ara rẹ̀ tutù bí ẹni tí òkú pè. Ó fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀.

"Màmá, ayédèrú ni. Ṣé ẹ ta tẹ́tẹ́ kankan ni, tí ẹ fi jẹ ẹ̀bùn? Ẹ wo àdírẹ́sì tó ti wá, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan. Wọ́n ní kí ẹ yára, kí ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ má baà rí ẹni kì yín nílọ̀. Ẹni tó fẹ́ fún yín lówó, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín ṣe? Ẹni tó fẹ́ kó owó yín lọ ló ń wá a."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n délẹ̀ tó báyìí?"

Dókítà Fóònù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni mo kọ ọ́, Màmá. Orúkọ ìyá mi ni mo fi ń bo olè mi. Ó ti kú tipẹ́."



"Òkú ni mo ti ń gbàdúrà fún," ni màmá náà wí. "Alààyè tí àdúrà tọ́ sí ló wà nílẹ̀ yìí." Ó gba fóònù rẹ̀, ó ń fọwọ́ tá ògiri jáde.

Láti ìgbà náà, oníbàárà yòówù tó bá lanu, orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í. Níkẹyìn, ó wọlé tọ káfíńtà lọ.

"Ilẹ̀kùn tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Ọkàn mi ló bàjẹ́. Ṣé Jésù ṣì lè wá?"

"Ó ti ń kànkùn tipẹ́. Ṣí i."

Orí ìyẹ̀fun pákó ló kúnlẹ̀ sí, ó sọkún, ó jẹ́wọ́, ó sì gba Olúwa gbọ́. Ó ta irinṣẹ́ rẹ̀, ó dá owó màmá náà padà, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ojú kan là. Èkejì ti fọ́ kí owó tó dé.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá ní o jẹ ẹ̀bùn, tó sì ń béèrè káàdì rẹ, má dá a lóhùn. Ẹ̀bùn Ọlọ́run kì í béèrè káàdì, Ọmọ rẹ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ san án. Ṣùgbọ́n kí ló wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tìrẹ? Orúkọ rere ta lo fi bò ó? Ronú pìwà dà lónìí. Dókítà Fóònù rí ìdáríjì gbà, síbẹ̀ ojú kejì màmá yẹn kò dúró dè é.