Ìdágbére Tí Abraham Kò Dáhùn

"Ọlọ́ládé, bí a bá wọlé padà, ẹ̀gbẹ́ mi ni kí o jókòó sí o!" Tabitha ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Kí a jọ kàwé fún ìdánwò wáèkì."

"Mo gbọ́," Ọlọ́ládé dáhùn, ṣùgbọ́n Abraham ló ń wò.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, lágbàlá ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ajido. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ dé Ọ̀jọ́ tí wọ́n sì padà fẹ́ túká. Wọ́n ń dì mọ́ra, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Abraham nìkan ló dá dúró lábẹ́ igi àgbọn. Kò sẹ́ni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọdún tí ìjọba ológun ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa ni. Mílíìkì ti di ohun àwátì. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ létí ọ̀sà ń rù, ikùn wọn ń wú, irun wọn ń pọ́n. Ìdí nìyí tí Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan, olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ náà, fi ní kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ láti ìjọ dé ìjọ, kí wọ́n tọrọ mílíìkì àti ọṣẹ fún ilé ìwòsàn náà. Inú wọn dùn lọ́nà. Abraham, ọmọ apẹja ní Ajido, ló lágbára jù láàárín wọn. Òun ló ru páálí mílíìkì tó wúwo jù. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Ọlọ́ládé rì sínú iyanrìn, òun náà ló fà á jáde.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, wọ́n dúró jẹun ní Mọ̀wó, wọ́n sì ní kí Ọlọ́ládé máa ṣọ́ ẹrù. Ó jókòó ti àwọn páálí náà, ọkàn rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n ti dá bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Àdúràgbèmí, àbúrò rẹ̀ jòjòló, ń fa ọmú ìyá wọn, kò rí nǹkan kan fà jáde, ẹkún ló sì fi ń sùn. Ọlọ́ládé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó já páálí tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Abraham, ó yọ agolo mẹ́rin, ó kó wọn sábẹ́ aṣọ nínú àpò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ajido lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nọ́ọ̀sì tú ẹrù, ó sì rí i pé páálí náà ti já.

"Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ta ni èyí wà?" Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan bèèrè.

"Tèmi ni, sà," Abraham dáhùn.

"Níbo lo yà sí nígbà tí a dé Badagry bí a ṣe ń bọ̀?"

"Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ́jà Agbalata, sà."

"Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ tó ń ṣe fàyàwọ́?"

"Òun ló ń ṣe é, sà. Èmi kọ́. N kò mú nǹkan kan."

Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan tú àpò Abraham, kò bá agolo kankan níbẹ̀. Èyí gan-an ni wọ́n tún fi dá a lẹ́bi: wọ́n ní ó ti gbé e fún onífàyàwọ́. Kò sẹ́ni tó tú àpò Ọlọ́ládé, ọmọ tíṣà.

"Olè!" Tabitha kígbe mọ́ Abraham. "Oúnjẹ ọmọ aláìsàn!"

Ọlọ́ládé la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé tí ilẹ̀ bá mọ́, òun á sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti mọ́, bàbá Abraham dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù. Ó fi èdè Ègùn bá ọmọ rẹ̀ wí, ó sì wá fi Yorùbá sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Olè kò nílò ìwé. Bàbá rẹ àgbà ń tukọ̀ padà sí Kútọnu lónìí. Wàá bá a lọ, kí o lọ máa pẹja."

Ọlọ́ládé rìn lọ bá Abraham lábẹ́ igi àgbọn, ó na ọwọ́ sí i.

"Abraham, ó dàbọ̀ o."

Abraham wo ọwọ́ náà, kò gbà á.

"Mo rí ọ ní Mọ̀wó," ó ní. "Mo padà wá mú ike omi mi. O ń ki agolo bọ àpò."

Ọlọ́ládé fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ta ló máa gba ọmọ apẹja gbọ́ tó bá pe ọmọ tíṣà lólè? Mo rò pé ìwọ fúnra rẹ á sọ ọ́. Nígbà tí Tabitha ń pè mí lólè, ojú rẹ ni mò ń wò."

"Jọ̀ọ́, ebi ń pa àbúrò mi ni..."

Wọ́n pe Abraham láti etí omi. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ó dàbọ̀, Abraham!" Ọlọ́ládé ké tẹ̀lé e. Kò dáhùn, kò sì wẹ̀yìn.

Ìgbà yẹn ni Ọlọ́ládé bú sẹ́kún. Ó da àpò rẹ̀ délẹ̀ níwájú gbogbo wọn, àwọn agolo náà sì yí gbirigbiri. Ó jẹ́wọ́ pé àbúrò òun tí ebi ń pa ni òun jí wọn fún. Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan sáré lọ sétí omi, ó ń pariwo orúkọ Abraham, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti jìnnà. Nọ́ọ̀sì ṣa àwọn agolo náà nílẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí o kò bèèrè?" ó ní. "Irú àbúrò rẹ ni a tọrọ rẹ̀ fún."

Tabitha gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ láìwo Ọlọ́ládé. Àwọn yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó dágbére fún un.

Bàbá Abraham àti Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan ránṣẹ́ sí Kútọnu lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ ọmọ náà kó padà wá sílé ìwé. Èsì tó fi ránṣẹ́ kò gùn: "Kò sí nǹkan tí mo gbàgbé síbẹ̀."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òru ọjọ́ kan péré ni irọ́ Ọlọ́ládé fi lọ, síbẹ̀ òtítọ́ kò bá Abraham nílé mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń fìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ aláìṣẹ̀, irọ́ ló ń pa. Bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí ẹ̀bẹ̀ tó bá pẹ́ jù lè má bá ẹni tí à ń bẹ̀ mọ́.