Ọjọ́ Tí Onírun Ké, Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbà Á Gbọ́

Ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin kan wà tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ń pè ní Onírun. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, nítorí apárí ni, orí rẹ̀ ń dán gbinrin. Òróró tó ń mú irun hù ni ó sì ń tà. Òun fúnra rẹ̀ kò fi kan orí rí.

Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó ti ń tà á. Gbàgede kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará ìlú ti máa ń kọ ọ̀rọ̀ síra wọn: ẹni tó ń wá ilé, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn tó fẹ́ mọ dókítà tó dáa, ẹni tí ìbànújẹ́ bá tó kàn ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Àárín wọn ni Onírun máa ń da ìpolówó rẹ̀ sí, bí ẹni da ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà onílé. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sẹ́ni tó béèrè.

Obìnrin àgbà kan ló ń bójú tó gbàgede náà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Màmá ni gbogbo wọn ń pè é. Bí Màmá bá rí ìpolówó Onírun, á pa á rẹ́, á sì ti orúkọ tó fi wọlé mọ́ta. Kí ó tó mu omi tán, Onírun á ti fi orúkọ mìíràn wọlé. Orúkọ mọ́kànlélógójì ló ní. Ìyá Rere á béèrè bóyá òróró náà ń ṣiṣẹ́, Baba Ìbejì á dáhùn pé irun òun ti kún dé etí. Onírun ló ń béèrè, Onírun náà ló ń dáhùn. Ó tilẹ̀ pe Màmá lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó bú u bí ẹni pé kò ní ìyá nílé.

Nígbà tí àwọn èèyàn kò ṣí ìpolówó rẹ̀ mọ́, ó ta ọgbọ́n burúkú kan. Ó kọ àkọlé kan pé: “Ẹ gbà mí, ìyàwó mi wà ní ọsibítù, ó nílò ẹ̀jẹ̀.” Ẹni tí àánú bá ṣe tó ṣí i, òróró ni yóò bá níbẹ̀. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ọjà yá. Ó ṣe é títí Màmá fi kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má ṣí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti ń pé oṣù. Ó bá a sọ ọ́, ó ní kò dáa kéèyàn máa fi ẹnu pe àìsàn wá sílé. Onírun ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Onírun kò tilẹ̀ tíì pé ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́rú kan ni, aago mọ́kànlá àárọ̀, ìyàwó rẹ̀ bímọ ní ọsibítù. Ọmọ ké, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá rẹ̀, kò sì dá.

Dókítà jáde wá. Ó ní irú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ṣọ̀wọ́n, àpò kan ṣoṣo ló kù ní ọsibítù, ó sì ti ń wọ̀ ọ́ lára lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn jìnnà ju kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀ lákòókò. Bó bá kọjá aago méjì, ó ní, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Onírun wò, kò bá ti ìyàwó rẹ̀ mu. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni, wọn kò lè gba tirẹ̀.

Onírun yọ fóònù. Ó wọ gbàgede, ó sì kọ ọ́ pé: “Ẹ gbà mí, ìyàwó mi wà ní ọsibítù, ó nílò ẹ̀jẹ̀.” Ó kọ irú ẹ̀jẹ̀ náà, ó kọ orúkọ ọsibítù.

Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà ti pòórá. Màmá ti pa á rẹ́.

Ó fi orúkọ mìíràn kọ ọ́. Ẹnìkan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé olóróró tún ti dé o, àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà tún pòórá. Ó fi orúkọ kẹta, ó fi ìkẹrin, ó fi ìkẹsàn-án. Aago méjìlá ti kọjá.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wò ó. “Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti ń bọ̀?”

Onírun mọ̀ pé bí ìyàwó òun bá kú lónìí, ọwọ́ òun ló pa á.

Nọ́ńbà Màmá ṣì wà lórí fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ tó bú u. Ó lọ dúró níbi àtẹ̀gùn, ó pè é.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù. Èmi ni mo bú yín níjọ́sí. Èmi ni Ìyá Rere, èmi ni Baba Ìbejì, èmi ni gbogbo wọn. Òpùrọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń kú lọ lóòótọ́.”

Màmá ní kí ó gbé fóònù fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Onírun sáré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ráńpẹ́, ó dá fóònù padà. Màmá ti gbé e sílẹ̀.

Orúkọ ara rẹ̀ ni Màmá fi kọ ọ́ sí gbàgede, ó ní òun dúró fún ọ̀rọ̀ náà. Kí aago kan tó lù, èèyàn mẹ́rin ti dé sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ti ẹni kẹrin, awakọ̀ tó ń fi mọ́tò ńlá kó yanrìn, ló bá a mu.

Awakọ̀ náà dùbúlẹ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀. Àárín orí rẹ̀ ti bó, awọ ibẹ̀ pọ́n, ó dà bí ojú àpá iná. Ó rí i pé Onírun ń wo òun, ó ní òróró kan tí òun rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ṣe é, òun sì ń gbàdúrà kí òun pàdé ẹni tó tà á.

Ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú àpò. Onírun kò sọ pé òun ni. Ẹ̀rù ń bà á kí ọkùnrin náà má fa abẹ́rẹ́ yọ. Mi ò ní yìn ín fún ọ: ojo ni. Ìgbà tí wọ́n gbé àpò náà wọlé tán ni ó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó jẹ́wọ́.

Awakọ̀ náà dìde jókòó. “Ìyàwó ẹ kọ́ ló tà á fún mi,” ó ní. “Ká ní ìwọ lo nílò ẹ̀jẹ̀ yìí ni, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá fún ẹ.” Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Màmá ti dé nígbà náà, ó sì gbọ́ ọ. Ó jókòó ti Onírun. Onírun ń sunkún, ó ń sọ pé òun yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe, pé òun yóò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì bí òun bá ti wẹ ara òun mọ́.

“Má parọ́ mọ́,” Màmá ní. “O ò lè fọwọ́ ara ẹ wẹ ara ẹ mọ́. Ọkùnrin yẹn sọ òótọ́, èèyàn ni, ibi tí agbára èèyàn mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Jésù mọ̀ pé ìwọ lo ta òróró náà. Ó mọ gbogbo orúkọ tó o jẹ́. Ìwọ tó o tà á gan-an ló kú fún.”

Onírun kúnlẹ̀ sí ojú ọ̀nà ọsibítù, lẹ́bàá korobá omi ìfọlẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá. Ó ní, “Olúwa, èmi nìyí. Mo ti pa ènìyàn lára. Ṣàánú mi.” Nígbà tó gba àdúrà yìí, kò tíì mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ yóò yè. Mo fẹ́ kí o kíyè sí ìyẹn.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni dókítà tó jáde, tó ní ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Onírun fi pa àwọn ìpolówó rẹ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó da òróró tó kù nù. Ó wá awakọ̀ náà rí, ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Títí di òní, ọkùnrin náà kì í bá a ṣeré púpọ̀. Onírun kò bínú sí i.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kò ta òróró rí. Ṣùgbọ́n o mọ irọ́ tí ò ń pa, o mọ ẹni tó ń sunkún nítorí rẹ. Má sọ pé ìgbà tí nǹkan bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni wàá yí padà. Má sì rò pé o ti bàjẹ́ ju ohun tí Jésù lè gbà lọ. Jẹ́wọ́ fún un, gbà á gbọ́, yóò sì gbà ọ́.

Dókítà sọ fún Onírun iye wákàtí tó kù fún ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ iye tó kù fún ìwọ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o tó ká ìwé yìí.