Àyọkà Láti Odigbo

Ìjà ni Oríyọmí àti Sàlíhù fi mọ ara wọn, Oríyọmí ló sì jẹ̀bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí dòní kò tíì fẹnu ara ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí ilé-ìwé girama kan ní Odigbo láti Ìkàrẹ́ Àkókó tí wọ́n ti bí i ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pínsípà ní kó lọ dúró ti kíláàsì SS2 tó ń ṣe ìdánwò àkàyé, torí olùkọ́ tó ni ìdánwò náà ti jáde. Nígbà tó débẹ̀, ó wo bébà ọwọ́ àwọn ọmọ. Ìbéèrè kún inú ẹ̀, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n mú ẹyọ kan, ṣùgbọ́n àyọkà tí wọ́n máa kà kí wọ́n tó dáhùn ni kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń wo òkè àjà, wọ́n kàn ń mú èyí tó bá ṣáà ti wù wọ́n.

Àánú wọn ṣe é. Ó rí àyọkà náà lórí tábìlì olùkọ́ yẹn, ó ní kí wọ́n lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ wá, ó sì pín in yíká. Inú ẹ̀ ń dùn pé òun ti yọ ẹnì kan nínú ìtìjú.

Sàlíhù dé, ó rí bébà tuntun lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ojú ẹ̀ yí padà.

“Ta ló fún wọn ní àyọkà?”

“Èmi ni. Ẹ gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì.”

“Àǹtí, mi ò gbàgbé ẹ̀. Mo fi í síbẹ̀ ni.”

Ó wá ṣàlàyé, pẹ̀lú irú sùúrù tó ń bí èèyàn nínú ju ariwo lọ, pé ọ̀la lòun fẹ́ fún wọn ní àyọkà náà. Ohun tóun fẹ́ mọ̀ lónìí ni àwọn ìbéèrè tí ọmọ lè gbà láìka nǹkan kan. Ìbéèrè tí ọmọ bá gbà láìkàwé, kì í ṣe ìwé kíkà ló ń dán wò, ṣe ni kí olùkọ́ yọ ọ́ dànù. Oríyọmí ní ẹnikẹ́ni ò kọ ìyẹn sára pátákó, báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ mélòó kan kọjá tí wọn ò kí ara wọn dáadáa.

Nígbà tó yá, Oríyọmí ra bọ̀ọ̀lì, ó gbé e sórí tábìlì ọkùnrin náà, kò sọ pé òun ń bẹ̀bẹ̀. Sàlíhù jẹ ẹ́ tán, òun náà ò sọ pé òun ti dárí jì í. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bó ṣe máa ń rí.

Ọmọ Ore ni Sàlíhù. Bàbá ẹ̀ wa ọkọ̀ àjàgbé títí ó fi kú, ìyá ẹ̀, Ìdáyátù, sì ń ta ọ́ìlì ọkọ̀ nínú gáréèjì Ore. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín ẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Bí gbogbo èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín tán nínú ọ́fíìsì, ìgbà yẹn ni tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Oríyọmí fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn kó tó fẹ́ràn ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Ajue tí wọ́n ti lọ bá ìyá Sàlíhù ra epo pupa, Sàlíhù dá alùpùpù dúró láàárín igbó kòkó.

“Oríyọmí, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó dùn. Mi ò rí i. Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí náà nìyẹn.”

“Pa ẹ́ńjìnnì yẹn,” Oríyọmí dá a lóhùn, “kó o tún un sọ.”

Ó pa á, ó sì tún un sọ.

Àwọn ará ilé ò fa wàhálà púpọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni Oríyọmí ń lọ, mọ́ṣáláṣí ni Sàlíhù ń lọ, ṣùgbọ́n ìdílé tí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ti ń jẹun pọ̀ kò wọ́n n'Ìkàrẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá Oríyọmí bèèrè ni pé ṣé ibi tọ́mọ òun bá wà ni ọkọ ẹ̀ náà máa wà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Oríyọmí di àfẹ́sọ́nà, wọ́n sì fi ìgbéyàwó sí ọdún tó ń bọ̀.

Kí ọdún yẹn tó dé ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì kan jáde fún Sàlíhù ní Ṣáínà. Ọdún méjì péré, wọ́n ní. Oríyọmí fúnra ẹ̀ ló bá a ká aṣọ sínú báàgì. Ọdún méjì yẹn parí, yunifásítì ní kó máa bá a lọ títí yóò fi di dókítà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ó sì gbà. Ìgbéyàwó tún sún síwájú.

Ohun tó lọ kọ́ náà kò yàtọ̀ sí ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ní Odigbo. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní ìlú tó wà, tí wọ́n ń múra ìdánwò ńlá tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ló ń dán wò lórí bí wọ́n ṣe ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì tó sì ń yé wọn. Ó ní òun ò tíì rí ọmọ tó ń kàwé bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro òun. Kò sí àyọkà téèyàn máa yọ nínú ìwé tàbí lórí ẹ̀rọ ayélujára tí wọn ò tíì kà, bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá ti ka àyọkà kan tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí ìdánwò fẹ́ dán wò nínú ẹ̀ mọ́.

“Orí mi, ìwọ ló máa gbà mí,” Sàlíhù sọ fún Oríyọmí lórí fóònù. “Máa kọ àyọkà fún mi. Kọ nípa Odigbo. Kò sí bí wọ́n ṣe máa ti kà á.”

Oríyọmí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó kọ nípa àwọn ọlọ́kadà tó ń fi ọ̀rá ṣe fìlà lójú òjò. Ó kọ nípa obìnrin kan ní Ago Alaye tó ń sá kòkó, tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Sàlíhù á fi ìbéèrè sábẹ́ ẹ̀, á fún àwọn ọmọ. Tó bá wá di Sátidé, Oríyọmí á gun ọ̀kadà lọ sí Ore, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Odigbo kò ṣeé gbára lé, á jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ìyá ọkọ ẹ̀ láàárín àwọn gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì, wọ́n á sì sọ̀rọ̀. Sàlíhù á sọ ìbéèrè tí àwọn ọmọ ṣì fún un. Ó sọ pé ọmọ kan bi òun pé ta ló ni àwọn ewúrẹ́ yẹn. Oríyọmí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ pé ìfẹ́ lè gbé inú irú nǹkan báyìí. Ó gbé inú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ń kúrú. Tẹ́lẹ̀, “Ṣé o ti jẹun?” ni Sàlíhù fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, “Ṣé èyí tọ̀sẹ̀ yìí ti parí?” ló di ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Oríyọmí á padà sí yàrá ẹ̀ ní Odigbo nírọ̀lẹ́ Sátidé, òórùn ẹ̀gẹ́ tí onílé rẹ sínú omi á kún ojú fèrèsé, á sì jókòó sétí ibùsùn láìtíì bọ́ bàtà. Ìkálẹ̀ ni onílé ń sọ, ó sì ti ń yé Oríyọmí dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ tinú ẹ̀ fún nínú ilé náà. Ó dá wà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ò sì rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀.

Àyè kan ṣí fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì n'Ìkàrẹ́. Irú ẹ̀ ti ṣí rí, Oríyọmí ò gbà, ó ní ẹni tó fẹ́ di ìyàwó Ore, kí ló ń wá lọ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí ìyá ẹ̀ sunkún lórí fóònù. Ó ní òun ò kórìíra Sàlíhù, àmọ́ ọmọ òun ń dàgbà sínú yàrá kan ṣoṣo nítorí ẹni tí kò sí nílé. Pínsípà, Ìyáàfin Evelyn, ní kó ronú sí i dáadáa, kó sì mú èsì wá lọ́jọ́ Ajé tó máa gbẹ̀yìn oṣù. Bó bá gbà, ọ̀rọ̀ òun àti Sàlíhù ti tán nìyẹn, torí Ìkàrẹ́ jìnnà sí Ore, kì í ṣe ibi téèyàn ti ń wá dúró de ohùn ọkọ nínú gáréèjì lọ́jọ́ Sátidé. Bí kò bá gbà, wọn ò ní pè é mọ́. Kò mọ èyí tó máa ṣe.

Ibi tó ti ń rò ó ni Ìyá Sàlíhù ti bi í lójijì nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan.

“Ìyàwó mi, ọdún mẹ́ta míì tí wọ́n fún un yìí, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?”

Oríyọmí gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ṣì ń rò ó, mà. Màmá wo ojú ẹ̀, wọ́n sì ti ìgò ọ́ìlì tó wà lọ́wọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Kò sọ fún ẹ.”

“Rárá, mà,” Oríyọmí ní.

“Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i. Èmi ni mo bí i, ọmọ mi, mi ò sì ní tìtorí ẹ̀ purọ́ fún ọmọ ẹlòmíì. Iṣẹ́ yẹn wù ú ju ilé lọ.”

Nígbà tí Sàlíhù pè lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Oríyọmí ń retí pé á sọ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ ìbéèrè, ó sọ̀rọ̀ òtútù, ó sọ̀rọ̀ ọ̀gá ẹ̀. Kò sọ ọ́. Inú bí Oríyọmí, ó sì dùn ún dọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ àyọkà nípa ara ẹ̀. Ó pààrọ̀ orúkọ ìlú, ó sọ ọkùnrin náà di ẹni tó lọ kọ́ afárá nílẹ̀ òkèèrè, àmọ́ ìyókù kò fara sin. Obìnrin kan ń gbé yàrá kan, ó ń lọ sí oríta lọ́jọ́ Sátidé láti gbóhùn ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Afárá àkọ́kọ́ parí, ọkùnrin náà tún gba òmíràn, aládùúgbò ló wá sọ fún obìnrin náà. Ibẹ̀ ni àyọkà pin sí. Kò kọ ohun tí obìnrin náà ṣe, torí òun fúnra ẹ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ó fi í ránṣẹ́ sí Sàlíhù.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. “O ṣeun, olólùfẹ́. Kò gùn jù, ó dáa.”

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ajé tí pínsípà dá, òjò ti rọ̀ ní Ore, ẹrẹ̀ gáréèjì dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Màmá wà níta pẹ̀lú awakọ̀ kan. Fóònù dún.

“Orí mi, àyọkà ìjẹta yẹn dà mí láàmú,” Sàlíhù ní. Ohùn ẹ̀ dùn, irú ohùn tó máa ń ní bó bá rí nǹkan tó ta kókó nínú iṣẹ́ ẹ̀. “Ìbéèrè tó kẹ́yìn. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣeé ṣe kí obìnrin náà ṣe báyìí. Ìdáhùn ni pé á máa dúró. Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó mọ̀wé jù nínú wọn ló ṣì í? Gbogbo wọn. Àwọn tí kò mọ̀wé ló gbà á.”

“Kí ni wọ́n mú?”

“Wọ́n ní á padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀. Mo pe ọmọbìnrin kan nínú wọn, mo ní ibo ló ti rí i kà. Ó ní obìnrin yẹn ti fún onílé ní ata tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn sẹ́yìn ilé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ dúró á fẹ́ ká a.”

Oríyọmí gbé fóònù sí etí kejì. Lóòótọ́ ló kọ ata sínú ẹ̀. Lóòótọ́ ló sọ fún onílé lọ́sẹ̀ yẹn pé kó máa ká ata náà, kò sì bi ara ẹ̀ léèrè ìdí tóun fi sọ bẹ́ẹ̀.

“Nínú iṣẹ́ tiwa,” Sàlíhù ń bá a lọ, “bí àwọn tó mọ̀wé jù bá jọ ṣi ìbéèrè kan, a jẹ́ pé ìbéèrè yẹn ní àbùkù. Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò.”

“Má yọ ọ́,” Oríyọmí ní. “Ìbéèrè yẹn dáa. Ìdáhùn tó o fi síbẹ̀ ni kò tọ̀nà.”

Oríyọmí wo ojú fóònù. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

“Oríyọmí,” Sàlíhù sọ nígbà tó yá. “Obìnrin yẹn. Ìwọ ni?”

“Èmi ni.”

“Mo kà á lákàtúnkà. Mo pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó le nínú ẹ̀ fún àwọn ọmọ.” Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. “Báwo ni mo ṣe kà á tí mi ò rí ọ?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀nà tóun máa gbà sọ ti ọdún mẹ́ta yẹn lòun ń wá, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, ó ní kó wá bá òun níbẹ̀. Oríyọmí bi í pé tóun bá wá, ṣé á padà sílé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta náà. Sàlíhù ní òun ò mọ̀. Kì í purọ́, ẹ jẹ́ ká fún un níyẹn.

“Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Sàlíhù,” Oríyọmí ní. “Mi ò sọ pé mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ó ti rẹ̀ mí ni. Àwọn ọmọ tí wọn ò mọ̀ mí rí mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí.”

Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sunkún níbi tó jìnnà yẹn. Kò tíì sunkún sétígbọ̀ọ́ ẹ̀ rí.

“Ṣé kí n yí ìdáhùn náà padà?” Sàlíhù bi í.

Oríyọmí wo ọkọ̀ àjàgbé kan tó ń rọra jáde sójú ọ̀nà márosẹ̀, omijé ń dà lójú ẹ̀, kò nù ún.

“Yí i padà,” ó ní.

Màmá ti wọlé nígbà náà. Oríyọmí na fóònù sí wọn bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé, kí ọmọ wọn lè kí wọn. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e sétí. Wọ́n di ọwọ́ Oríyọmí mú díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó lọ wá ọ̀kadà tó ń padà sí Odigbo kí òjò míì tó dé.